Ìran inú òkun onífírémù láti ara amọ̀: amọ̀ wo ló dára, kí sì ni kò ní jẹ́ kó sán?

Àdùkẹ́_Ọlọ́nà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fẹ́ fi amọ̀ ṣe ìran inú òkun sínú fírémù onípákó tó jìn ní ínṣì méjì, èyí tí a máa gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀. Fírémù náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 sí 30. Gíláàsì wà níwájú rẹ̀, páálí líle ló sì wà lẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ kó wà nínú rẹ̀ ni ìjàpá òkun kan, ẹja mẹ́rin tàbí márùn-ún, akàn kan nílẹ̀, iyùn, ewéko òkun àti iyanrìn.

Amọ̀ wo ni kí n lò? Polymer clay (amọ̀ oníke tí a ń sè nínú ààrò kó lè le) wọ́n, kò sì sí lọ́jà àdúgbò mi. Èyí tí a ń fi kọ́ọ̀n fláwà àti gúlúù sè ńkọ́, ṣé ó máa ń pẹ́? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ẹ̀yìn ìjàpá kò fi ní là bó bá ń gbẹ? Ṣé orí pákó ni kí n ti mọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà tó ṣì rọ̀, àbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Báwo sì ni ẹja ṣe máa dà bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, tí kò ní lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn bíi bisikíìtì?

Ọ̀gá_Amọ̀:

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra. Cold porcelain, ìyẹn oníkọ́ọ̀n fláwà tí ẹ sọ yẹn, tó fún iṣẹ́ yìí. Abẹ́ gíláàsì ló máa wà, omi kò ní kàn án, ọwọ́ ọmọdé kò sì ní tó o. Bí ẹ bá sè é dáadáa, á pẹ́ gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ yọ páálí ẹ̀yìn yẹn dànù. Páálí máa ń mu omi inú amọ̀, á sì tẹ̀. Plywood onímílímítà 6 ni kí ẹ gé dípò rẹ̀, kí ẹ fi gúlúù tí ẹ ti fi omi là kùn ún níwájú àti lẹ́yìn. Ojú méjèèjì ni o. Bó bá jẹ́ ojú kan lẹ kùn, ojú yẹn á fà á tẹ̀.

Bí a ṣe ń sè é nìyí. Kọ́ọ̀pù kọ́ọ̀n fláwà kan, kọ́ọ̀pù kan gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò (èyí tó ki ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi omi bù), ṣíbí ìjẹun méjì bébì ọ́ìlì, ṣíbí ìjẹun méjì fínígà. Òróró ni kì í jẹ́ kó gan jù, fínígà ni kì í jẹ́ kó bu. Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó gbé e kaná, títí kò fi ní sí kókó kankan. Iná kékeré ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa fi ṣíbí igi rò ó láìdáwọ́ dúró. Á kọ́kọ́ máa ṣàn, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù ní kókó kókó. Gbàrà tó bá ti ń ṣí kúrò lára ìkòkò tó sì ṣù jọ sójú kan, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kódà bí àárín rẹ̀ bá ṣì jọ pé kò jinná tán. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Èyí tó bá pẹ́ lórí iná máa ń rún, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi tún un ṣe. Èyí tí kò jinná á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣe é dá padà sórí iná. Ẹ má fi ìkòkò náà se oúnjẹ mọ́.

Ẹ fi òróró ra ọwọ́, kí ẹ pò ó nígbà tó ṣì lọ́ wọ́rọ́ títí á fi dán. Ẹ po ọ̀dà acrylic funfun ṣíbí kékeré kan mọ́ ọn, torí bí kò bá sí ọ̀dà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa là á kọjá bó bá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣì. Ẹ wé e sínú láílọ́ọ̀nù láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ògì gbígbẹ lè rọ́pò kọ́ọ̀n fláwà, ẹ má dá a lóhùn. Ògì ti kan, kì í sì í kúnná tó.

Ní ti ẹ̀yìn ìjàpá tó ń là: amọ̀ yìí máa ń súnkì bí omi bá ti ń kúrò nínú rẹ̀, ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ìta ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Bí ìta bá ti ń súnkì, tí inú ṣì tutù tó sì wú, ìta ló máa ya. Ìdí nìyẹn tí ohunkóhun tó bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ fi gbọ́dọ̀ ní nǹkan mìíràn nínú. Ẹ run fọ́ìlì tí a fi ń yan ẹja, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra kó le: gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 7, ìbú 5, gíga 2. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ náà, torí fọ́ìlì kì í súnkì. Bí ẹ bá da amọ̀ tó nípọn bò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, amọ̀ á máa fún un mọ́ra, fọ́ìlì ò ní gbà, ẹ̀yìn á là gbàrà láàárín.

Ẹ kun fọ́ìlì náà ní gúlúù kó gbẹ. Ẹ wá fi amọ̀ mílímítà 2 bò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí èyí bá là, abẹ́ ló wà, ẹ po amọ̀ pẹ̀lú gúlúù àti omi díẹ̀ kó rọ̀, kí ẹ fi dí i. Ìgbà yẹn lẹ máa wá fi èyí tó gba ọnà, mílímítà 3, lé e lórí.

Ẹ mọ gbogbo wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilẹ̀ òkun nìkan lẹ máa tẹ́ sórí pákó ní tútù, kó má ju mílímítà 4 lọ. Kó tó gbẹ, ẹ fi ìdí iyùn tó ti gbẹ tẹ ihò sí i, kí ẹ fẹ ihò náà díẹ̀, kí ẹ sì yọ iyùn kúrò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ á súnkì yí i ká, á sì ya káàkiri.

Ọmọ_Àgbádárìgì:

Ọ̀gá ti sọ ti amọ̀ tán. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹran inú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó wo ohun tó ń mọ.

Ìjàpá òkun kì í ṣe ìjàpá ilẹ̀. Kò ní ẹsẹ̀ kúkúrú onípátákò tí ọ̀pọ̀ ń so mọ́ ọn. Àjẹ̀ ló ní: méjì iwájú gùn, wọ́n tẹ́, wọ́n sì tẹ̀ sẹ́yìn, méjì ẹ̀yìn kúrú, wọ́n fẹ̀. Kì í lè fa orí wọ inú ìkarahun rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí orí yọ síta dáadáa. Ìkarahun náà tínrín níhà ìrù, kò rí róbótó. Ní ti ìpẹ́ ńláńlá tó wà lẹ́yìn, bó bá jẹ́ green turtle lẹ fẹ́ ṣe, márùn-ún ló wà láàárín, mẹ́rin mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Olive ridley tí ń gòkè yé ẹyin ní etíkun Èkó máa ń ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Leatherback kò ní irú ìpẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá: awọ ló bo ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà méje tó ga ló sì gba orí rẹ̀ kọjá láti ọrùn lọ sí ìdí. Bí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà, green turtle ló rọrùn jù.

Akàn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Méjì iwájú ló fi ń gbá nǹkan mú, mẹ́jọ ló fi ń rìn, mẹ́rin mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Akàn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ti pọ̀ jù lórí ògiri àwọn èèyàn.

Ẹ pinnu òkun tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó po àwọ̀. Ẹja pupa rúsúrúsú onílà funfun mẹ́ta tí gbogbo ọmọdé mọ̀ yẹn, Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ló ń gbé, kò sí nínú Àtìláńtíìkì. Owó ẹyọ gan-an, òkun ọ̀hún ló ti wá; ọ̀pọ̀ èyí tó dé ilẹ̀ wa, Maldives ni wọ́n ti kó o. Iyùn aláràbarà tó bo ilẹ̀ òkun lọ bẹẹrẹ, ti Òkun Pupa àti Australia nìyẹn. Bó bá jẹ́ òkun tiwa lẹ fẹ́, iyanrìn ló pọ̀ nílẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ẹ fi ṣáwá, edé, akàn àti ìjàpá sí i, ẹ sì lè fi títúsì kún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, kí iyùn má ju bíi méjì mẹ́ta lọ. Ẹ má fi epìà sí i o, odò àti ọ̀sà ni tirẹ̀. Lójú tèmi, òkun tiwa á dùn ún wò ju ìkejì lọ, torí ẹni tó bá wọ pálọ̀ á mọ títúsì.

Ìyá_Ìlẹ̀kẹ̀:

Mi ò bá Ọ̀gá_Amọ̀ jiyàn lórí cold porcelain, àmọ́ lẹbẹ ẹja ló máa ń fi í ṣẹ̀sín. Lẹbẹ tín-ín-rín á ti gbẹ nígbà tí ara ẹja ṣì tutù. Á ká kò, á sì ṣẹ́ níbi tó ti so mọ́ ara. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, kí ìdí lẹbẹ nípọn tó mílímítà 2, kó máa tín-ín-rín lọ sí etí, kí ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé lẹbẹ àti ìrù nìkan fún ọjọ́ kìíní, kí ara ẹja lè bá a. Ìkejì, kí ẹ mọ lẹbẹ lọ́tọ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ kékeré la ilà sí i nígbà tó tutù, kí ẹ gbé e lé orí tíṣù tí ẹ ká kó lè gbẹ pẹ̀lú ìtẹ̀ tí ẹ fẹ́. Ẹ ti la ojú ihò sára ẹja kó tó gbẹ, gúlúù ni ẹ máa fi kì í bọ̀ ọ́ níkẹyìn.

Bí ẹ bá lè rí ẹni bá yín ra polymer clay wá, páálí kékeré kan ṣoṣo, giráàmù 57, tó fún lẹbẹ gbogbo ẹja yín àti ẹsẹ̀ akàn. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì. Ara páálí rẹ̀ ni ẹ ó ti ka ìwọ̀n ooru, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 110 sí 130 ní ìwọ̀n Celsius, ìṣẹ́jú 30 fún mílímítà 6. Ààrò onígáàsì kì í dúró sójú kan, ẹ fi tẹmómítà ààrò sínú rẹ̀. Bó bá jóná, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ pa á, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde. Bó bá jẹ́ ààrò oníná tí wọ́n sì mú iná lọ láàárín, kò ba nǹkan kan jẹ́, ẹ tún un sè nígbà tí iná bá dé. Ẹ sè é tán lọ́tọ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ cold porcelain, ẹ má kó méjèèjì sínú ààrò pọ̀. Ẹ má sì fi ọ̀dà èékánná kùn ún kó lè dán, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí láé.

Ojú ẹja: ìlẹ̀kẹ̀ dúdú mílímítà 3. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ amọ̀ ní tútù, bó bá ti ń súnkì á di ìlẹ̀kẹ̀ mú fúnra rẹ̀. Lára polymer, ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì ni kó jẹ́, torí oníke á yọ́.

Ìpẹ́: ẹ gé ẹnu sítúrọ́ọ̀ kó ku ààbọ̀ òbìrí, kí ẹ máa fi tẹ ara ẹja, kí ibi tó yọ gọngọ kọjú sí ìrù. Ìlà kejì kí ó bọ́ sí àárín àwọn ti ìlà kìíní. Ẹ má ṣe èyí fún títúsì. Ìpẹ́ rẹ̀ wẹ́ débi pé ojú kì í fẹ́ rí i, ara rẹ̀ máa ń dán. Ohun tó ń jẹ́ ká mọ títúsì ni ẹ̀yìn aláwọ̀ búlúù tó fẹ́ di ewé, ilà dúdú tó ń rìn kọ́lọkọ̀lọ láti òkè wá dúró ní ìdajì ara, ikùn fàdákà tí kò ní ilà kankan, àti ìrù tó là sí méjì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù lọ fa ilà náà, kó má dọ́gba. Bó bá dọ́gba jù, ẹja aṣọ lẹ ṣe.

Amọ̀ tí ẹ ti po àwọ̀ mọ́ máa ń dúdú sí i bó bá gbẹ, nítorí náà ẹ po ó kó mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ọ̀dà acrylic ni kí ẹ lò. Àwọ̀ oúnjẹ máa ń ṣá.

Àdùkẹ́_Ọlọ́nà:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Òkun tiwa ni mo mú. Ó ku nǹkan mẹ́ta: àsìkò òjò la wà yìí, báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí amọ̀ gbẹ, ṣé kí n sá a sóòrùn nígbà tó bá yọ? Ṣé iyanrìn etíkun gangan ṣe é lò? Ẹnì kan sì ní kí n da resin (oje oníkẹ́míkà tó máa ń gan bíi gíláàsì) kún inú fírémù kó lè rí bí omi.

Ọ̀gá_Amọ̀:

Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì gbé e síwájú fáànù. Méjèèjì ló ń mú kí ìta gbẹ sáájú inú. Inú yàrá, orí ajọ̀ tàbí àwọ̀n wáyà kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ẹ da láílọ́ọ̀nù bò ó láìdì í. Láti ọjọ́ kejì ẹ ṣí i, kí ẹ máa yí i padà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lásìkò òjò, ẹja á gba bíi ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, ìjàpá á tó ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣì tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kùn ún nírú ipò yẹn, ọ̀dà á wú, á sì bó.

Wáyà ìdìrin (èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin) kò dára nínú amọ̀ yìí, á dípẹtà, àwọ̀ ilẹ̀ á sì jáde lára ẹja. Ẹ bó kébù iná, kí ẹ lo wáyà bàbà inú rẹ̀.

Ọmọ_Àgbádárìgì:

Iyanrìn etíkun ṣe é lò, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi tútù tí kò níyọ̀ títí omi rẹ̀ kò fi ní dùn iyọ̀ mọ́, kí ẹ yan án gbẹ nínú páànù. Iyọ̀ máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú rẹ̀, gúlúù kò ní mú dáadáa, ohun funfun á sì máa yọ lójú iyanrìn. Ẹ kun ilẹ̀ ní gúlúù, kí ẹ fi asẹ́ tíì kékeré gbọn iyanrìn lé e, ìyókù á dà nù bí ẹ bá gbé pákó dúró. Ìkarahun gidi náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì tí ẹ fi omi là di ọjọ́ kejì, kí ẹ ṣan án dáadáa. Òórùn nǹkan tó kú sínú rẹ̀ kì í lọ fúnra rẹ̀ nínú fírémù tí a ti pa dé.

Bàbá_Fírémù:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da resin. Ínṣì méjì jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Plywood á gba mílímítà 6, gíláàsì á gba 3, ó ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. 40 lọ́nà 30 lọ́nà 4 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 5. Yàtọ̀ sí owó rẹ̀, resin tó jìn báyẹn tí a dà lẹ́ẹ̀kan náà máa ń gbóná gan-an bó bá ń gan, á sì ya. Bó bá tiẹ̀ gan tán, ó lé ní kílò 5 tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ìṣó pálọ̀.

Sẹ̀ǹtímítà 4 yẹn náà lẹ máa fi gbé ìjàpá wò. Fọ́ìlì sẹ̀ǹtímítà 2, amọ̀ mílímítà 5 lókè, mílímítà 3 nísàlẹ̀, ó di 2.8. Bí ẹ bá gbé e jìnnà sí pákó ní sẹ̀ǹtímítà kan, 3.8 ni, ó fẹ́ fẹnu ko gíláàsì. Ẹ jẹ́ kó jìnnà ní mílímítà 5 péré. Àwọn ẹja ni kí ẹ fi jìnnà síra: ọ̀kan mílímítà 5, òmíràn sẹ̀ǹtímítà kan, ọ̀kan 2. Òjìji ẹja tó bọ́ sára pákó ló ń mú kó dà bí ẹni pé ó léfòó. Wáyà bàbà ni kí ẹ fi gún ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní tútù, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bó bá gbẹ, ẹ lu ihò sí pákó, kí ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ kọjá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ẹ tẹ ara ẹja díẹ̀ kó tó gbẹ, kí orí kọjú sí ẹni tó ń wò ó díẹ̀. Ẹja tó gún ṣánṣán ti kú.

Ojú pákó tó máa wà lẹ́yìn àwọn ẹja lẹ máa kọ́kọ́ kùn kí ẹ tó to nǹkan kan: òkè mọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn, kí ẹ fi fómù rírin pa ààlà wọn rẹ́ nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù. Èyí tó jìnnà kí ó kéré, kí àwọ̀ rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ti omi. Ìjàpá má wà ní àárín gbùngbùn, ẹ gbé e sí òkè lápá kan kó dorí kọ inú fírémù. Ibi tó dorí kọ ni ojú èèyàn máa ń lọ, bó bá kọjú síta, ojú á bá a jáde.

Fáníìṣì acrylic ni kí ẹ fi kùn wọ́n, lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ kan wà láàárín, kí ẹ̀yìn àti abẹ́ wọn má sì yọ sílẹ̀. Fáníìṣì olóróró tí a fi ń kun àga á pọ́n, òkun yín á di ọ̀sà. Ìdí iyùn, ẹ fi gúlúù funfun gbìn ín. Súpà gúlúù máa ń tú èéfín tó ń sọ ara ọ̀dà di funfun yí ibi tí a lẹ̀ ká, nínú àpótí tí kò ní ihò ó tún burú jù. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ láìdé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí ẹ bá pa gíláàsì dé lórí amọ̀ tó ṣì ní omi nínú, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kùrukùru á ti bo gíláàsì nínú, ẹ ó sì tún un tú.